Pọ́ọ̀dù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì BT-60: kí ló fa ìdúróṣinṣin rẹ̀ wálẹ̀?

Àwòdì-Òkè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ya rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan nínú OpenRocket, sọ́fúwíà tí a fi ń ya rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a sì fi ń ṣírò bó ṣe máa fò, ó sì ti há mi lọ́wọ́. Páìpù páálí BT-60 ni ara rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 41.6 mm, gígùn rẹ̀ látorí délẹ̀ jẹ́ 760 mm. Ìyẹ́ mẹ́ta ló wà ní ìdí, ẹ́ńjìnnì D12-5 ló máa gbé e (D ni ìwọ̀n agbára rẹ̀, 5 ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa dúró lẹ́yìn tí ẹ̀tù bá tán kó tó ti páráṣúùtì jáde). Tẹ́ńjìnnì-tẹ́ńjìnnì, ó wúwo tó 190 gíráàmù. CG (ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba) wà ní 450 mm láti ṣóńṣó orí, CP (ojú ibi tí agbára afẹ́fẹ́ ti ń tì í láti ẹ̀gbẹ́) wà ní 530 mm. Bí a bá fi fífẹ̀ ara pín àlàfo wọn, káálíbà 1.9 nìyẹn, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo wá fi pọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìyẹn páìpù kéékèèké, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. BT-50 ni wọ́n, fífẹ̀ 24.8 mm, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 400 mm, ó sì ní ṣóńṣó orí tirẹ̀ tó gùn tó 70 mm. Orí wọn bẹ̀rẹ̀ ní 300 mm láti òkè, ìdí wọn parí ní 700 mm. Gíráàmù 14 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú wọn, ẹwà ni mo fi wọ́n ṣe. Bí mo ṣe fi wọ́n sí i báyìí, ìdúróṣinṣin já sí 0.76.

Mo rò pé ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ á ṣe bí ìyẹ́, á fa CP sẹ́yìn. Ṣé sọ́fúwíà ló ṣìṣe ni, àbí èmi? Ṣé kí n kàn kó ìwúwo sí i lórí kí n máa lọ?

Ìyá Ìbejì

Àwòdì, sọ́fúwíà ò ṣìṣe. Pọ́ọ̀dù kì í ṣe ìyẹ́. Odindi rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ni, ó ní orí tirẹ̀, orí yẹn ni afẹ́fẹ́ sì ń tì.

Ìṣirò tí James Barrowman kọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ oyè másítà rẹ̀ ní 1967 ni OpenRocket gbé iṣẹ́ lé. Nínú ìṣirò yẹn, ṣóńṣó orí yòówù, ì báà mú bí abẹ́rẹ́, ì báà rí roboto, 2 ni iye agbára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Páìpù gbọọrọ tó tẹ̀ lé e kò fi nǹkan kan kún un nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà. Nítorí náà, gígùn tí o gbẹ́kẹ̀ lé yẹn ò ràn ọ́ lọ́wọ́ rárá.

Wo ti pọ́ọ̀dù rẹ báyìí. Ojú rẹ̀ sí ojú ara ńlá la fi ń wọn agbára yẹn: fi 41.6 pín 24.8, o rí 0.596. Fi ìyẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, o rí 0.355. Fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, o rí 0.71. Mẹ́ta irú rẹ̀ jẹ́ 2.13. Orí pọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ ti lágbára ju orí rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ! Ibi tí agbára yẹn sì ti ń ṣiṣẹ́ wà ní nǹkan bí 330 mm, nígbà tí CG rẹ wà ní 455 mm lẹ́yìn tí o fi pọ́ọ̀dù kún un. Ohunkóhun tó bá ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú CG, ìdí ló fẹ́ sọ di orí. CP rẹ kúrò ní 530, ó bọ́ sí 487. Ibẹ̀ ni káálíbà kan ó lé díẹ̀ ti lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Gíráàmù 20 sínú orí, ní nǹkan bí 60 mm láti ṣóńṣó, ó ti tán. CG á wá sí 424, ìdúróṣinṣin á padà sí 1.5. Lo amọ̀ ìmọ tí kì í gbẹ. Tẹ̀ ẹ́ wọ inú ṣóńṣó orí dáadáa, kí o sì da gáàmù lé e kó má baà já sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù bá tì í. Iye tí D12-5 lè gbé ni gíráàmù 283, tìrẹ á jẹ́ 252. Ó ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nàgbẹ́nà, ìṣirò yín pé, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ ti fi gíráàmù 42 ti pọ́ọ̀dù kún un, ẹ tún fi 20 kún un láti wo ohun tí pọ́ọ̀dù bàjẹ́ sàn. Gíráàmù 62 lé lórí 190, nítorí ohun tí kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe lọ́ra tó láti kúrò lórí irin ìfò tó ń darí rẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni atẹ́gùn ti ń yí i.

Ẹ jẹ́ ká gbé pọ́ọ̀dù sẹ́yìn ká tó ronú amọ̀. Gé wọn sí 220 mm. Jẹ́ kí orí wọn bẹ̀rẹ̀ ní 530, kí ìdí wọn parí ní 750. Agbára 2.13 yẹn á bọ́ sí 563 mm, lẹ́yìn CG, ẹ̀yìn ló sì máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì. CP á lọ sí 537. Ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan á já sí nǹkan bí gíráàmù 9, CG lápapọ̀ á wà ní 474. Káálíbà 1.5 nìyẹn láìfi ẹyọ amọ̀ kan sí i, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 217.

Pọ́ọ̀dù tó burú ní 330 mm yẹn náà ló ti di olùrànlọ́wọ́ ní 563. Ibi tí orí rẹ̀ wà ní í sọ irú ẹni tó jẹ́.

Àwòdì-Òkè

Ẹ ṣeun gan-an, Màmá. Mo ti gbé wọn sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, 1.5 náà ni mo rí. Ṣùgbọ́n òkè tó máa dé já wálẹ̀ gan-an sí ti ìgbà tí kò sí pọ́ọ̀dù. Gíráàmù 27 péré ni mo fi kún un. Ṣé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ

Ó yẹ. Kì í ṣe ìwúwo nìkan ló fa á. Wo rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn láti iwájú, bí ẹni tó dojú kọ ọ́. 0.355 tí Ìyá Ìbejì rí yẹn náà ni ìdá tí ojú pọ́ọ̀dù kan jẹ́ nínú ojú ara ńlá. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 1.07. O ti sọ ojú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń la afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí pọ́ọ̀dù náà tún wà níbẹ̀: ìdí tó bá gé pẹ́rẹ́sẹ́ ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra lẹ́yìn, ó sì ń dá rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró. Mẹ́rin ni o wá ní báyìí dípò ẹyọ kan.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí o ṣe.

Fi ìdí tó ń tín-ín-rín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú OpenRocket, lo «Transition» ní ìsàlẹ̀ páìpù pọ́ọ̀dù, láti 24.8 mm sí nǹkan bí 14 mm, ní gígùn 35 mm. Mọ̀ pé ìdí tín-ín-rín máa ń fa CP síwájú díẹ̀, nítorí náà wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí o bá fi í sí i.

Ronú BT-20 dípò BT-50. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 18.7 mm. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á já láti 1.07 sí 0.61. Bí ẹwà lásán ni pọ́ọ̀dù wà fún, n kò rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ gbòòrò.

Paríparí rẹ̀, pààrọ̀ D12-5 sí D12-3, tàbí kí o gbé méjèèjì wò. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń dá dúró tó báyìí kì í fò lọ fúnra rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀tù bá tán. Ó tètè ń dé góńgó, á sì ti dorí kodò kí ìṣẹ́jú àáyá 5 tó pé. Páráṣúùtì tó bá ṣí nígbà tó ti ń já bọ̀ pẹ̀lú eré, okùn rẹ̀ a máa la páálí ara rẹ̀ ní òòró bí ìgbà tí a fi abẹ la iṣu.

Ohun kan tún wà tí sọ́fúwíà ò lè rí. Ó ń ṣírò pọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan bíi pé òun nìkan ló wà nínú afẹ́fẹ́. Kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó há sáàárín pọ́ọ̀dù àti ara ńlá ń rú. Kò sì mọ̀ bí ìyẹ́ bá wà gẹ́lẹ́ lẹ́yìn pọ́ọ̀dù, nínú afẹ́fẹ́ tó ti dàrú. Má ṣe fi ìyẹ́ sí ẹ̀yìn pọ́ọ̀dù láé. Jẹ́ kí pọ́ọ̀dù mẹ́ta wà láàárín ìyẹ́ mẹ́ta, ìwọ̀n (dígírì) 60 láàárín ara wọn. Kí o sì gbà pé òkè tí OpenRocket sọ á dín díẹ̀ ní ojú pápá.

Ọ̀fà-Kì-í-Ṣì

Mo fẹ́ fi nǹkan kún ti sọ́fúwíà, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣìlò rẹ̀. Ẹ̀dà 22.02 ni OpenRocket bẹ̀rẹ̀ sí í ní «Pods» àti «Boosters». Èkíní kì í já kúrò lára rọ́kẹ́ẹ̀tì, èkejì máa ń já kúrò. Bí kò bá ní já kúrò, má ṣe lo «Boosters», torí á fún ọ ní ìpele ìfòlọ mìíràn tí o ò béèrè fún.

Pọ́ọ̀dù nínú sọ́fúwíà kì í sì í ṣe fún pọ́ọ̀dù nìkan. Òun la fi ń gbé ohun tí sọ́fúwíà kò gbà ká gbé sí ibòmíràn. Ká ní o fẹ́ fi ìyẹ́ kékeré sí etí ìyẹ́ ńlá. Ìyẹ́ ò lè gbé ìyẹ́ nínú OpenRocket. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó fi pọ́ọ̀dù sí ara páìpù, a ó gbé e jìnnà dé etí ìyẹ́ yẹn, a ó fi páìpù bíńtín sínú rẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà kan, ìyẹ́ kékeré á wá dúró lórí páìpù yẹn. Páìpù òjìji ni mo ń pè é, torí kò sí lára rọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an.

Páìpù òjìji gbọ́dọ̀ jẹ́ òjìji lóòótọ́. Wọ abala «Override», sọ ìwúwo rẹ̀ di 0, sọ CD rẹ̀ (iye ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́) náà di 0. Bí o bá gbàgbé CD, sọ́fúwíà á rí páìpù tí kò ní orí, á kà á sí ojú pẹ́rẹ́sẹ́ tó ń gbá afẹ́fẹ́, á sì fi í dín òkè rẹ kù. Ṣọ́ra kí o má fàmì sí i pé kó kan àwọn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹ́ tí o gbé lé e náà á pàdánù ìwúwo àti ìfàsẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Òótọ́ ni Ọ̀fà ń sọ. Kí n fi kún un pé páìpù òjìji tó gbòòrò lè ba káálíbà jẹ́. Fífẹ̀ tó tóbi jù lọ ni OpenRocket fi ń ka káálíbà kan. Bí o bá fi òrùka ńlá kan yí ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ká, tó jẹ́ 120 mm, tí o yà á bíi páìpù, káálíbà kan ti di 120 mm. Àlàfo 63 mm tó jẹ́ 1.5 tẹ́lẹ̀ á di 0.5 lójú rẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, CG àti CP ò kúrò níbi tí wọ́n wà. Máa wo mìlímítà fúnra rẹ̀, má wo káálíbà nìkan.

Ọmọ Ẹlẹ́tù

Ẹ kú ìjíròrò o. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Pọ́ọ̀dù méjì ni mo ní, BT-50 náà, mo sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà nínú wọn lóòótọ́. D12-5 láàárín, C6 kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń rò ó pé C6-0 ló yẹ, torí kò ní ẹ̀tù tó ń ti páráṣúùtì, pọ́ọ̀dù kò sì nílò páráṣúùtì. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Alágbẹ̀dẹ

Bẹ́ẹ̀ kọ́, jọ̀wọ́ má ṣe é. 0 yẹn kò túmọ̀ sí pé iwájú rẹ̀ dí. C6-0 wà fún ìpele ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele méjì. Bí ẹ̀tù rẹ̀ bá jó tán, iná á la iwájú jáde láti tan ẹ́ńjìnnì òkè. Nínú pọ́ọ̀dù tí orí rẹ̀ dí, iná yẹn kò ní ibi tó máa gbà: á fọ́ orí pọ́ọ̀dù dànù, tàbí kó ta ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, tàbí kó jó páálí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan, lo ẹ́ńjìnnì tí iwájú rẹ̀ dí pátápátá, àwọn tí àmì P wà lára wọn. A10-PT jẹ́ irú rẹ̀ nínú àwọn kéékèèké, fífẹ̀ 13 mm. Inú BT-5 ló ń wọ̀ láìsí òrùka, pọ́ọ̀dù rẹ á sì tún fúyẹ́. Èkejì, lo C6-5 tàbí C6-3, má lẹ orí pọ́ọ̀dù pa, so ó mọ́ pọ́ọ̀dù pẹ̀lú okùn, kí ẹ̀tù lè ta á jáde. Má jẹ́ kó há mọ́ inú jù, kí gáàsì lè rí ibi jáde láìsí ìjà.

Bí o bá yan ti P, yan «Plugged» nínú OpenRocket náà. Pọ́ọ̀dù wà nínú ìpele kan náà pẹ̀lú ara ńlá, o ò sì fẹ́ kí sọ́fúwíà rò pé ẹ̀tù pọ́ọ̀dù ló ṣí páráṣúùtì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ọmọ Ẹlẹ́tù, ìbéèrè tó ṣe kókó jù lọ lo fò dá yẹn: bí ọ̀kan nínú méjì kò bá gba iná ńkọ́? Àárín pọ́ọ̀dù rẹ jìnnà sí àárín rọ́kẹ́ẹ̀tì ní 33.2 mm, ìyẹn 20.8 àti 12.4. C6 máa ń dé bíi Newton 14 ní ìbẹ̀rẹ̀. Agbára tó fẹ́ yí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn, lásìkò tí eré rẹ̀ kò tíì tó kí ìyẹ́ lè gbà á.

Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹ́ńjìnnì náà dà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ìlà agbára rẹ̀ gba inú CG kọjá. Bí ẹnu ẹ́ńjìnnì bá wà ní 760 mm, tí CG sì wà ní 470, àlàfo wọn jẹ́ 290. Dídà náà á jẹ́ ìwọ̀n 6.5. Orí á sún mọ́ ara, ìdí á jìnnà sí i. Agbára tí o pàdánù kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, èkejì kò ní lè yí i dànù. Ààyè wà nínú BT-50 láti gbé òpó ẹ́ńjìnnì dà díẹ̀, torí C6 jẹ́ 18 mm péré, ṣùgbọ́n kò tó fún ìwọ̀n 6.5 bí odindi ẹ́ńjìnnì bá wà nínú rẹ̀: jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Òrùka páálí iwájú àti ti ẹ̀yìn ni kí o gé ihò wọn kúrò láàárín.

Ti iná: wáyà ìdáná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dé orí bátìrì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé o mọ bí gílóòbù ilé ṣe wà, tí ọ̀kan bá kú tí èkejì ń tàn? Bẹ́ẹ̀ ni. Bí iná bá ní láti gba inú ọ̀kan kó tó dé èkejì, èyí tó bá kọ́kọ́ jó á gé ti àwọn tó kù. Bátìrì mọ́tò vóòtì 12 ni kí o lò, bátìrì tọ́ọ̀ṣì kò ní okun rẹ̀. Sì rántí pé D12 kan àti C6 méjì lápapọ̀ ti kọjá D. Òfin ààbò NAR, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ní Amẹ́ríkà, sọ pé mítà 9 ni kí ènìyàn jìnnà sí irú rẹ̀, kì í ṣe 5.

Ọ̀fà-Kì-í-Ṣì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ibì kan wà níbẹ̀. CG kì í dúró sójú kan. Bí ẹ̀tù ṣe ń jó ní ìdí, CG ń lọ síwájú. Bí ẹ bá gbé ìlà yẹn gba CG ti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́, á ti wà lẹ́yìn CG nígbà tí ẹ̀tù bá fẹ́ẹ̀ tán.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Mo mọ̀ ọ́n, Ọ̀fà. Ìbẹ̀rẹ̀ náà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Ìgbà yẹn ni C6 lágbára jù, ìgbà yẹn ni eré kéré jù. Tó bá di òpin, ìyẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì lè gba díẹ̀ tó kù yẹn mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ti Àwòdì, torí bí a ṣe ń lẹ pọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ti ń fọ́. Fi ìwé gígùn kan wé BT-60. Á fún ọ ní 131 mm ó dín díẹ̀. Pín in sí mẹ́ta, 43.6 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sàmì sí i lára páìpù. Gbé páìpù náà sí igun ìlẹ̀kùn níbi tí igi méjì ti pàdé, jẹ́ kó dúró sínú igun yẹn, fi pẹ́ńsù fa ìlà látòkè délẹ̀ lẹ́bàá igi. Ìlà yẹn kò ní wọ́ láé. Ṣe bákan náà fún pọ́ọ̀dù, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Páálí BT ní awọ dídán lára. Gáàmù kì í wọ inú awọ yẹn. Fi sáńpépà 220 ha ojú ìlà náà ní fífẹ̀ bíi 5 mm títí dídán yóò fi lọ, tí páálí á sì máa rí bíi ìwé. Fi gáàmù káfíńtà fẹ́lẹ́ sí ojú méjèèjì, fi wọ́n kan ara wọn, yà wọ́n, jẹ́ kí ó gbẹ. Tún fi gáàmù fẹ́lẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì, wá lẹ̀ ẹ́ pa báyìí. Ó máa ń di mú láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà kí ojú ìlà méjèèjì ti bára mu kí o tó tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbẹ, fi ìka fa gáàmù sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gáàmù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á rọ páálí, á sì fa á wọnú. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́ ló dára.

Yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí kí gáàmù tó gbẹ pátápátá. Bí pọ́ọ̀dù kan bá yí ìwọ̀n 2 péré, rọ́kẹ́ẹ̀tì á máa yí bí òkòtó.

Alágbẹ̀dẹ

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìlà àti sáńpépà. Ṣùgbọ́n páìpù méjì roboto tó kan ara wọn, ojú kan bí irun ni wọ́n fi kanra. Igi balsa 3 mm láàárín wọn, ní fífẹ̀ 8 mm, á fún gáàmù ní ibi tó máa di mú, á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ibi kọjá.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Á kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí pọ́ọ̀dù bá fi ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, igi yẹn ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́. Balsa máa ń ya ní ìlà ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo igi, ẹ jẹ́ kí ìlà igi náà lọ láti ara dé pọ́ọ̀dù, kì í ṣe látòkè délẹ̀. Fún pọ́ọ̀dù gíráàmù 9 tí kò ní ẹ́ńjìnnì, kíkan ara tààrà pẹ̀lú gáàmù nínú kòtò tó. Fún ti Ọmọ Ẹlẹ́tù tó ní ẹ́ńjìnnì, mo gbà fún yín, igi ni, kó sì wọ inú páìpù méjèèjì.

Ìyá Ìbejì

Ohun kan kù tí a kò tíì bá Àwòdì wò. 1.5 tó wà lójú OpenRocket yẹn, bíi pé afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti iwájú gẹ́lẹ́ ló ṣe ṣírò rẹ̀. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá kúrò lórí irin ní mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ sì jẹ́ mítà 5, afẹ́fẹ́ ń lù ú láti igun ìwọ̀n 18. Ní igun bẹ́ẹ̀, páìpù gbọọrọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní agbára tirẹ̀, CP sì máa ń wá síwájú. Lọ sí «Component Analysis», fa igun afẹ́fẹ́ sí 10, kí o tún fà á sí 18, wo ibi tí CP bá lọ. Pọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn CG á ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, torí ara páìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn. Èyí tó gùn síwájú á tún bà á jẹ́ sí i. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí o gé e.

Àwòdì-Òkè

Mo ti ṣe é. BT-20 ni mo gbé sí i, 220 mm, ìdí tín-ín-rín ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí wọn ní 530, D12-3. Káálíbà ṣì ju 1 lọ ní igun 10. Ìbéèrè kan péré ló kù: pọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìyẹ́ mẹ́ta, níbo ni kí òrùka tí irin ìfò ń gbà kọjá wà? Irin 3 mm ni mo ń lò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Má fi í sí àárín pọ́ọ̀dù méjì, ìyẹ́ wà níbẹ̀. Fi í sí ìwọ̀n 30 láti pọ́ọ̀dù kan. Pẹ̀lú BT-50, àlàfo mìlímítà mẹ́ta ni ì bá wà láàárín irin àti pọ́ọ̀dù. Pẹ̀lú BT-20, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùka méjì kéékèèké ló dára ju ẹyọ kan gígùn: ọ̀kan nítòsí CG, ọ̀kan nítòsí ìdí. Ti irin gidi bọ inú méjèèjì nígbà tí gáàmù ṣì tutù, kí wọ́n lè wà ní ìlà kan, kí o sì yọ ọ́ kó tó gbẹ. Lẹ́yìn náà fa rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ sókè sódò lórí irin. Bí ó bá ha pọ́ọ̀dù níbì kan, gbọ̀ngbọ̀n ló máa fi kúrò nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Kí o tó gbé e lọ sí pápá, fi ẹ́ńjìnnì tí a kò tíì lò àti páráṣúùtì sínú rẹ̀, wá ibi tó ti dọ́gba lórí ìka. Kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 5 yàtọ̀ sí ohun tí OpenRocket sọ. Gáàmù àti ọ̀dà máa ń wúwo ju bí a ṣe rò lọ, pọ́ọ̀dù mẹ́ta sì ní kòtò mẹ́fà tó ń gbé gáàmù, gbogbo rẹ̀ ní ìdí. Bí CG bá ti sún sẹ́yìn, ìgbà yẹn ni kí o wá lo amọ̀ Ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nàgbẹ́nà, gíráàmù méjì méjì, títí yóò fi padà síbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà, so okùn mítà 2 mọ́ ojú CG yẹn, fi téèpù dè é kó má yọ̀, kí o máa fì í yí orí rẹ ká. Bí orí rẹ̀ bá dojú kọ ọ̀nà láìyí padà, ó ti ṣe tán. Bí kò bá ṣe é lójú kan náà, fi ọwọ́ gbé e dojú kọ ọ̀nà kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì í, kí o sì tún dán an wò.

Àwòdì-Òkè

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣeun o. Mà á kó nọ́ńbà CG gidi wá síbí tí gáàmù bá gbẹ.